Ìdáhùn tí ó Ṣáájú Ìbéèrè: Lámèyítọ́ lórí Ọ̀nà tí a ń gbà Kọ́ Àmì Ohùn ní Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọ̀pọ̀ ìwé àkàgbékọ̀ọ́ Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àmì ohùn ní ọ̀nà kan náà. Wọn yóò sọ pé ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Wọn yóò ya àmì wọn, wọn yóò sì so wọ́n mọ́ dò, re, mí. Lẹ́yìn náà ni àtẹ ọ̀rọ̀ yóò tẹ̀ lé e: igba, igbá, ìgbà, igbà, ìgbá. Iṣẹ́ ṣíṣe ni yóò kádìí orí ìwé náà, yóò sì pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì ohùn tí ó yẹ sí orí àwọn ọ̀rọ̀ kan. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìmọ̀ náà péye, ó sì wà létòlétò. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti kọ́ni ní Yorùbá rí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ojú akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kú, àti pé láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé pé Yorùbá le ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ṣíṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí a bá kọ lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí, i, gb, a, sí orí pátákó tí a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì tí ó yẹ sí wọn, èwo ni ó yẹ? Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, ó ti kọ iye tí ó jẹ́ 200. Bí ó bá fi àmì òkè sí fáwẹ́lì kejì, ohun tí a fi ń bu omi ni ó kọ. Bí ó bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí méjèèjì, àkókò ni. Bí ó bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí ti kejì nìkan, okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ni. Gbogbo wọn ni ó tọ̀nà. Èyí tí yóò gba máàkì nínú wọn ni èyí tí ó wà ní ọkàn olùkọ́, kò sì sí ohunkóhun nínú ìbéèrè náà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè dì mú láti fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí a pè ní ìdánwò ìmọ̀ ti di wíwá inú ẹlòmíràn wò.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun tí a fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe àmì ohùn fúnra rẹ̀ ni ó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ sá. Bí a ṣe to ẹ̀kọ́ náà ni. A ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdáhùn kí ìbéèrè tó dé ọkàn rẹ̀, ìdáhùn tí kò sì ní ìbéèrè, ẹrù lásán ni lórí ẹni tí ó gbé e. Àwọn onímọ̀ ètò-ẹ̀kọ́ ti kọ ohun púpọ̀ nípa ìmóríyá akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó ń jáde ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa, ohun tí à ń pè ní ìmóríyá ni ohun tí a bù lé ẹ̀kọ́ lórí lẹ́yìn tí a ti sè é tán: àwòrán aláràbarà, fídíò, ẹ̀bùn, àtẹ́wọ́. A kì í sábà béèrè bóyá ọbẹ̀ náà gan-an ní adùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní àsìkò tí a wà yìí. Ní ọdún 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. Púpọ̀ nínú wa ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìbínú sí ìkéde yẹn, ìbínú náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n òfin lè mú ọmọ jókòó sí kíláàsì, kò lè mú un fẹ́ mọ ohun tí ó kàn. Bí èdè wa bá sì ti di ohun tí a ń kọ́ ní wákàtí bíi mélòó kan lọ́sẹ̀, ohun tí a ń fi wákàtí wọ̀nyẹn ṣe ni gbogbo ọ̀ràn náà wá rọ̀ mọ́.

A kò gbọdọ̀ rò pé èdè abínibí nìkan ti tó láti mú ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti ọdún 1970, ni a sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Yorùbá ṣe é fi kọ́ ohun gbogbo, láti ìṣirò dé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀rí náà lágbára. Ìṣòro tí a ní pẹ̀lú bí a ṣe ń tọ́ka sí i ni pé máàkì àwọn ọmọ náà nìkan ni a ń kà. A kì í sọ púpọ̀ nípa pé àwọn olùṣèwádìí náà jókòó kọ ìwé tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tún àwọn olùkọ́ kọ́, wọ́n sì yan olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Ìdajì àṣeyọrí náà wà nínú bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀. Nígbà tí a bá yọ ìdajì yẹn kúrò, tí a wá ń sọ pé “ṣáà ti fi Yorùbá kọ́ wọn,” àwa fúnra wa ni a ń fún àwọn alátakò ní ohun ìjà.

Báwo wá ni ìbéèrè ṣe ń ṣáájú ìdáhùn? A kò nílò láti rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àlọ́ àpamọ̀ wà nílé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé lórí lítíréṣọ̀ alohùn tí kò sọ pé àlọ́ ń mú ọpọlọ ọmọdé jí pépé. Díẹ̀ ni ó sọ bí ó ṣe ń ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́, gbólóhùn kan tàbí méjì ni a ń fún àlọ́ àpamọ̀ kí a tó sáré kọjá sí àlọ́ onítàn, bí ẹni pé ìgbàlẹ̀ ìta ni kí àlejò tó wọlé. Bí a bá wò ó gẹ́gẹ́ bí ètò ìkọ́ni, ohun ìyanu ni.

Àkọ́kọ́, ohun tí ìdáhùn àlọ́ dá lé lórí kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ. Ìkòkò ni, tàbí ahọ́n, tàbí òjìji, tàbí ìgbín. Ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n látilẹ̀. Ohun tí apàlọ́ ṣe ni pé ó fi aṣọ mìíràn bo ohun tí ọmọ ti mọ̀, tí ó fi di pé ọmọ náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ kò rí i mú. Àlàfo tí ó wà láàrin mímọ̀ àti àìrímú yìí ni ó ń mú kí ọmọ sún mọ́ tòsí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ohun tí ọmọ kò gbọ́ rí, yóò kàn wò sùn ni. Bí ó bá sì hàn gbangba, yóò fẹ́ lọ sùn bákan náà. Apàlọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wo ojú àwọn tí ó jókòó tì í, ó ń mú èyí tí ó rọrùn ṣáájú, ó sì ń fi èyí tí ó le pamọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n tí ó ti ń gbéra ga.

Èkejì, ẹni tí ó gbà á sí òdì kò pàdánù ohunkóhun. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, òun náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún gbìyànjú. Kò sí ẹni tí ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sínú ìwé. Ìdáhùn òdì a tún máa ṣe àǹfààní, nítorí pé ó ń dín ibi tí a ó ti wá ìdáhùn kù fún àwọn yòókù. Apàlọ́ kì í sì í yára tú àlọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n bá gbà pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìdáhùn bá wá jáde, gbogbo wọn yóò padà sẹ́yìn lọ wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọn yóò sì rí i pé ohun gbogbo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìpadàsẹ́yìn yẹn ni ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó gbà á yóò gba ipò apàlọ́. Kò sí kíláàsì àmì ohùn tí a mọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gba ipò olùbéèrè báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí padà wá sí ọ̀dọ̀ àmì ohùn. Irọ́ kan wà tí a ń pa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí òun náà sì mọ̀ pé irọ́ ni. A ń sọ fún un pé bí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò lóye ohun tí ó kọ. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ó ti fi Yorùbá tí kò ní àmì kankan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti fèsì. Bàbá rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá tí àmì ohùn kò pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì ṣìnà. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ ká nínú gbólóhùn ni ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọmọ tí ó bá gbọ́ pé “ẹ̀gbọ́n mi ra oko tuntun, ó ń wà á lọ sí Ìbàdàn” kò nílò àmì kankan láti mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ́ ìroko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kọ̀ ogun. Nígbà tí olùkọ́ bá sọ ohun tí ayé akẹ́kọ̀ọ́ ń takò, kì í ṣe àmì ohùn nìkan ni ó ń pàdánù ọlá, olùkọ́ náà ń pàdánù rẹ̀.

Òtítọ́ dùn ju irọ́ yẹn lọ. Òtítọ́ náà ni pé lọ́pọ̀ ìgbà a lè ṣe é láìsí àmì, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òǹkàwé, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì ni láti wá àwọn ibẹ̀ rí. Ẹ fún kíláàsì ní àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan tí kò ní àmì lókè, tí kò ní àmì nísàlẹ̀: “Ojo de.” Ẹni tí ó gbà á, ṣé aṣọ tí ó sá síta ni yóò sáré lọ ká ni, àbí ilẹ̀kùn ni yóò ṣí fún àlejò? Òjò lè ti dé. Òjó lè ti dé. Ọjọ́ tí a ti ń retí lè ti dé. Ojo, ẹni tí ẹ̀rù ń bà nígbà gbogbo, náà lè ti dé. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí olùgbà ṣe, ìbéèrè ti dé ọkàn wọn. Ẹni tí ó bá wá gbé àmì kalẹ̀ lásìkò yẹn, irinṣẹ́ ni ó gbé wá fún wọn, kì í ṣe òfin.

Àpẹẹrẹ irú èyí kò wọ́n. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó wà lórí pátákó ojú ọ̀nà tí a fi lẹ́tà ńlá kọ, tí kò ní gbólóhùn kankan yí i ká: OWO. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni àbí owó? Òwò ni àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Ọwọ́ ni àbí ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà? Orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, àkọlé, ìlà ewì, oríkì tí a kò gbọ́ rí: àwọn wọ̀nyí ni ibi tí gbólóhùn kò ti lè gba òǹkàwé sílẹ̀, nítorí pé kò sí gbólóhùn, tàbí pé gbólóhùn náà fúnra rẹ̀ ń fi ohùn ṣeré. Èrò wa ni pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ àmì ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Ó tún ní àǹfààní kan tí kò kéré: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti dàgbà láì rí orúkọ ara rẹ̀ tí a kọ pẹ̀lú àmì rí.

Bí a bá ti borí ibi ìbẹ̀rẹ̀, èdè náà fúnra rẹ̀ kún fún àlọ́ tí ó lè gbé kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀kan tí ó wù wá jù ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ pé rà, tà àti gbà ní ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn wọ̀nyí sí iwájú rẹ̀: Adé ra iṣu, Adé rà á. Bọ́lá ta aṣọ. Bọ́lá tà á. Òjó gba ìwé. Òjó gbà á. Níbo ni àmì náà lọ? Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí yóò wá ni pé òǹtẹ̀wé ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì wá gbólóhùn mìíràn láti fi dán an wò. Ẹlòmíràn yóò sọ pé fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó fà á. Kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ wá, bí ẹ̀wà. Kí wọ́n mú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóńsónáǹtì wá, bí bàtà. Àmì náà kò padà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnì kan yóò rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ ni ó ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ náà di ti àárín, àti pé arọ́pò-orúkọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tí ìwé gírámà ń sọ ní ìlà kan ni wọ́n fi wákàtí kan rí. Ó ti di tiwọn.

Kí olùkọ́ tí ó ní àyè síwájú sí i wá ní kí wọ́n wo arọ́pò-orúkọ náà fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń kọ “rà á” àti “jẹ ẹ́” pẹ̀lú àmì òkè, ṣùgbọ́n tí “rí i” kò ní? Tàbí kí ó rán wọn lọ sílé pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo tí fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohùn òkè. Wọn yóò bi ìyá, wọn yóò bi àgbà. Wọn yóò mú íńkì, ọ́fíìsì àti áńgẹ́lì dé, wọn yóò sì rí i pé àlejò ni gbogbo wọn nínú èdè náà. Ìwákiri tí kò rí ohun tí ó ń wá, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ohun tí ó tóbi jù ú lọ: a kò mọ ẹ̀bùn tàbí ìràwọ̀ orí ìwé tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn, ó yẹ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń gbòde báyìí. Àwọn ètò orí fóònù tí ń kọ́ni ní èdè, bí Duolingo, máa ń ka iye ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti wọlé léraléra, wọ́n ń fún un ní máàkì, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ sórí àtẹ ìdíje. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tí ó fẹ́ kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Yorùbá ń fẹ́ ṣe àwòkọ rẹ̀. A kò sọ pé kò wúlò rárá. Ẹni tí kò tíì wọlé kò lè kọ́ ohunkóhun, ohun tí ó bá sì pè é wọlé ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jéléósinmi tí ó fẹ́ràn láti máa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé náà lójijì láìṣèlérí. Wọn kò fún àwọn kan ní ohunkóhun. Nígbà tí ó yá, tí wọ́n tún kó àwọn ohun ìyàwòrán náà síwájú gbogbo wọn, àwọn tí a ṣèlérí fún ni kò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́. Yíyàwòrán ti di iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, owó iṣẹ́ sì ti tán.

Kí a má ṣe na ìwádìí yẹn kọjá ibi tí ó dé. Àwọn ọmọ tí ó ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Bí ọmọ kò bá ní ìfẹ́ kankan sí nǹkan látilẹ̀, ẹ̀bùn kò ní ohun tí yóò bàjẹ́. Èyí ni ó sì ń kọ wá lóminú nípa Yorùbá. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì wa kì í ṣe ọlọ́wọ́ òfo. Ó ti ń fi ohùn ṣeré láti kékeré: ó ti fi ohùn yẹ̀yẹ́ pe orúkọ ẹnìkejì, ó ti fi ẹnu lu ìlù, ó ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ méjì. Ìfẹ́ náà wà. Bí a bá ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àtẹ ọ̀rọ̀, tí a wá fi ẹ̀bùn ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀ fún un, ohun tí a ṣe kò yàtọ̀ sí kí a mú omi kúrò nínú odò kí a tó máa ra omi fún ẹja.

Àwòṣe kan tí a ń lò nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ní ẹ̀ka ìkọ́ni-lédè ni ti John Keller, tí ó pín ìmóríyá sí ọ̀nà mẹ́rin: gbígba àfiyèsí akẹ́kọ̀ọ́, jíjẹ́ kí ẹ̀kọ́ kàn án, ìgbẹ́kẹ̀lé nínú agbára ara ẹni, àti ìtẹ́lọ́rùn. Kò sí ohun tí ó burú nínú àwòṣe náà. Bí a ṣe ń lò ó ni ó ń mú un gbẹ. A ń lò ó bí àkójọ ohun tí a ó máa fi àmì sí pé a ti ṣe é: àwòrán wà, àfiyèsí ti tán, a dárúkọ ọjà, ẹ̀kọ́ ti kàn wọ́n. Edward Deci àti Richard Ryan sún mọ́ ohun tí a ń sọ jù, nígbà tí wọ́n ní ènìyàn nílò láti rí i pé òun ni ó ń darí ara òun, pé òun tó ohun tí òun dáwọ́ lé ṣe, àti pé òun wà láàrin àwọn ènìyàn òun. Ẹ tún wo agbo àlọ́ pẹ̀lú ojú yìí. Ẹ tún wo ọmọ Àyàn.

Ọmọ Àyàn kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Omele ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kéré, lílù kan náà ni yóò máa lù ní àlùtúnlù, ṣùgbọ́n òde gidi ni ó ti ń lù ú, àwọn ènìyàn sì ń jó sí i. Bí ó bá ṣìnà, agbo yóò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ó fi ń lù ú ni etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyáàlù, tí ó ń gbọ́ ohun tí kò tíì lè sọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé wa ń ṣe yàtọ̀ sí èyí: wọ́n ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àmì sí ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta láì kọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni nílò láti kà. Ohun tí ọmọ omele ní tí wọn kò ní ni pé iṣẹ́ kékeré ọwọ́ rẹ̀ ń wúlò lójú ẹsẹ̀.

Ìlù tún lè ṣe wá ní àǹfààní mìíràn. Dùndún ń gbé ohùn jáde láìsí kóńsónáǹtì àti fáwẹ́lì, àkọtọ́ tí kò ní àmì sì ń gbé kóńsónáǹtì àti fáwẹ́lì jáde láìsí ohùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èkejì kò ní. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu súfèé orúkọ ọmọ kíláàsì kan, kí àwọn yòókù sọ ẹni tí ó jẹ́. Òjó kò ní ṣòro, bẹ́ẹ̀ ni Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n bí a bá súfèé ohùn òkè méjì, Bọ́lá àti Títí yóò jọ dáhùn. Báwo ni àwọn onílù ṣe ń bọ́ nínú ìṣòro yìí? Ẹni tí ó bá ti bá ìbéèrè náà jà ni yóò mọ rírì ìdáhùn rẹ̀: wọ́n ń fa orúkọ gùn, wọ́n ń fi oríkì kún un, títí ohùn náà kò fi ní lè jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ àti ẹ̀kọ́ èdè ti pàdé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kéde rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ Yorùbá ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni ohùn jẹ́ àjèjì sí etí wọn, àlọ́ tí ó dá lé ohun tí ọmọ ti mọ̀ kò sì lè bá wọn mu tààrà. Àmì ohùn jẹ́ ọ̀pá afọ́jú fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí a máa kó ètò tí a ṣe fún wọn padà wá fún ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ìwé kan.

Àtakò tí ó wúwo jù lọ ni ti àkókò àti ti ìdánwò. Olùkọ́ tí ó ní àádọ́rin ọmọ nínú kíláàsì àti ogójì ìṣẹ́jú yóò béèrè ìgbà tí òun yóò fi jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lórí “Ojo de.” Ìbéèrè gidi ni. Ní ti àkókò, èsì wa ni pé àríyànjiyàn yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àti pé àádọ́rin ọmọ tí ń jiyàn sàn ju àádọ́rin tí ń ṣe àdàkọ ohun tí ó wà lójú pátákó lọ. Ní ti ìdánwò, a kò ní èsì tí ó rọrùn, nítorí pé ohun tí ìdánwò bá béèrè ni olùkọ́ yóò kọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi. Níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè bá ṣì ń pàṣẹ pé kí a fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí ó dá dúró, àtẹ ọ̀rọ̀ ni yóò máa jọba.

Ohun tí a dábàá ni kí àwọn tí ń ṣètò ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkéde kan tí kò ní àmì, bí irú èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà tàbí tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ó jẹ́ èyí tí ó ní ìtumọ̀ méjì ó kéré tán. Kí wọ́n ní kí ó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú àmì, ọ̀kan fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ nínú gbólóhùn kan ohun tí ẹni tí ó bá ṣì í kà yóò ṣe. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò gba àyè ju ti àtijọ́ lọ lórí ìwé. Ó ṣòro díẹ̀ láti fún ní máàkì, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ìtumọ̀ kẹta tí ẹni tí ó ṣe ìbéèrè kò ronú kàn, ó sì yẹ kí àwọn olùyẹ̀wé-wò jókòó ṣáájú láti fẹnu kò lórí iye tí ìtumọ̀ kẹta yẹn yóò gbà.